Sí Àṣàbí, Lórí Mọ́tò Rìmóòtù Tó Fẹ́ Rà àti Ọwọ́ Tó Ń Dá Lẹ́bi

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Àṣàbí mi, ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìgbà mẹ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Mo wo fọ́tò mọ́tò rìmóòtù méjèèjì àti ti àwọn ẹ́ńjìnnì wọn, mo fi ìka méjì fà wọ́n kí wọ́n tóbi bí o ṣe kọ́ mi, mo wo táyà wọn, mo wo abẹ́ wọn. O ní kí n pè ẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, torí Ọjọ́bọ̀ ni Túndé tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa fi orúkọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá yín kó o wọlé. Mi ò ní pè ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀, o sì mọ̀ mí. Tí ojú bá ń tì mí lórí fóònù, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo máa ń yà sí, màá béèrè bóyá o ti jẹun, màá sì dágbére. Nítorí náà, lẹ́tà ni mo kọ. Dírẹ́bà tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá onífìlà pupa yẹn, ló máa gbé e fún ẹ pẹ̀lú ọ̀rá kékeré kan. Má ṣí ọ̀rá náà títí o fi máa ka lẹ́tà yìí débi tí mo bá ti ní kí o ṣí i. Mo bẹ̀ ẹ́.

O kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́fà rèé tí ìjọba ti gbé ẹ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa tọ́jú fáìlì, tí o sì gba yàrá nítòsí Ọjà Igbó, mi ò tíì gbọ́ kí o ráhùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyẹn sì jẹ́ lórí omi. Inú mi dùn sí ẹ. Àwọn ará ibí ń béèrè ẹ. Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò bàbá rẹ, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun gbọ́ pé àgbàlagbà obìnrin ń fi mọ́tò ọmọdé ṣeré nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọkọ ló yẹ kó máa wá báyìí?" Mo ní tí ọkọ náà bá ń wá a, kó wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, á bá a níbẹ̀. Ó bá yíjú sí fọ́tò bátànì aṣọ lára ògiri, ó ń wò ó. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni yọ ẹ́ lẹ́nu lórí eré yìí. Ẹni tó ń jókòó ti fáìlì láti àárọ̀ Ajé di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ nílò nǹkan tó máa pa á lẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ìparí ohùn rẹ tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. O ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ mọ ẹ́ńjìnnì, ẹ sì mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí. Ẹ bá mi yan èyí tí ọwọ́ mi ò ní tètè bà jẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé kí n má wulẹ̀ rà á, mi ò ní rà á." O rẹ́rìn-ín nígbà tí o sọ ọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí o béèrè, kó má dà bíi pé mo ń sá fún un.

Èkíní, ẹ́ńjìnnì.

Lábẹ́ fọ́tò ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́, wọ́n kọ gbogbo ohun tí ẹnu lè sọ nípa eré rẹ̀. Mo mọ ìdí tó fi wù ẹ́, torí irú rẹ̀ wu èmi náà rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo gba fúrídọ̀mù iṣẹ́ aṣọ rírán. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, ìyẹn èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wà síwá sẹ́yìn. Bí mo ṣe dá dúró, mo ra máṣíìnì ńlá tó ń lo iná, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí kì í sinmi: tí o bá ti tan iná sí i, ó ti ń sáré lábẹ́ tábìlì nìyẹn, ó kàn ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ ni. Ọ̀gá mi, Màmá Sájẹ̀, wò ó, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹlẹ́sẹ̀ lo fi kọ́ṣẹ́ o. Lọ gba ẹ́ńjìnnì tó máa dúró dè ẹ́." Mo sọ nínú ara mi pé wọ́n ń jowú.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé sórí rẹ̀ ni aṣọ funfun àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, méjìlá. Mo fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bí mo ṣe ń tẹ ti ẹlẹ́sẹ̀. Máṣíìnì náà já mọ́ mi lọ́wọ́, ó gbé aṣọ lọ, ó gbé ìka mi tẹ̀ lé e. O mọ àpá tó wà ní èékánná ìka ìlábẹ̀ mi, tí o máa ń béèrè nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo máa ń sọ pé ilẹ̀kùn ló pa á. Kì í ṣe ilẹ̀kùn. Mo dá iṣẹ́ náà ṣe títí ó fi parí, mo sì kó o lọ. Ọjọ́ Ìsinmi dé, ọ̀gá akọrin wọ tirẹ̀, apá rẹ̀ òsì kò jáde, torí mo ti rán ọwọ́ aṣọ náà pa mọ́ ẹ̀gbẹ́ láìmọ̀. Orin ìwọlé ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àyè láti bọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ kan di ìwé orin mú láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pẹpẹ, ìkejì sì wà nínú aṣọ. Odindi ọdún mẹ́ta ni wọn ò fi gbé iṣẹ́ fún mi mọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, má ra agbára tí o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Mo gbé fọ́tò náà lọ bá Alájì Làmídì tó ń wé wáyà ẹ́ńjìnnì ní kọ́nà wa. Wọ́n bọ́ awò wọn, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n ní, "Ìyá Àṣàbí, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ yìí. Iye ìgbà tí wọ́n wé wáyà bàbà inú ẹ̀ nìyẹn. Tí wíwé ẹ̀ bá kéré, eré ẹ̀ á pọ̀, kò sì ní gbọ́ràn. Tí wíwé ẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀, á máa gbọ́ràn." Èyí tó wù ẹ́ yẹn, wíwé márùn-ún péré ni. Ìkejì tí wọ́n kọ mẹ́tàlá àbọ̀ sí lára, òun ni Alájì ní àwọn máa gbé fún ọmọ tàwọn. Ohun tí mo rí nínú gbọ̀ngàn yín lọ́jọ́ tí mo wá kí ẹ náà bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Dírífìtì tẹ́ ẹ ń ṣe yìí, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń borí, ẹni tó jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ yọ̀ yí kọ́nà ká láìkọlu nǹkan ni. Kí lo fẹ́ fi gbogbo eré yẹn ṣe lórí ilẹ̀ tí kò gùn ju ibi tí wọ́n ń to bẹ́ǹṣì sí lọ?

Kí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ èyí tí kò ní kábọ̀n nínú, ìyẹn èédú kékeré tó ń gbé iná fún un. Èmi tí mo ti ń ra kábọ̀n sí ẹ́ńjìnnì máṣíìnì láti ọjọ́ yìí mọ ohun tí mò ń sọ: ó máa ń jẹ tán ni, ó sì máa ń jẹ tán lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù. Alájì tún ní tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá wà lára rẹ̀ tó ń sọ fún mọ́tò ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé, kí o gba ìyẹn, torí kò ní ta kìjí nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Èyí tó ń mu epo, má tiẹ̀ yà síbẹ̀. Èéfín rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn àwọn Onítẹ̀bọmi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa fara dà á, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín.

Èkejì, ara mọ́tò náà fúnra rẹ̀.

Ọdún tí mo gbé ẹ sínú, mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi kan wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, a yà sí Sábó. Ọkùnrin oníṣòwò kan ní máṣíìnì aláwọ̀ ewé kan tó ń rán etí aṣọ, ó dán, wọ́n ya òdòdó sí i lára. Mi ò rí irú rẹ̀ rí ní Ọ̀yọ́. Ọkùnrin náà ṣe olóòótọ́ sí mi. Ó ní, "Màdámù, ó dáa o, ṣùgbọ́n páàtì ẹ̀ ò sí níbí. Tó bá bàjẹ́, ó tán nìyẹn." Mo ní kò ní bàjẹ́. Ta ló sọ fún mi pé kò ní bàjẹ́? Òdòdó ni mò ń wò. Kó tó di pé mo bí ẹ, irin kékeré kan tí kò tó èékánná kán nínú rẹ̀. Mo wá a dé Ìbàdàn. Títí di òní, orí máṣíìnì náà ni mo ń gbé àwo oúnjẹ sí, o mọ̀ ọ́n, o tiẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ sí abẹ́ rẹ̀ rí.

Mọ́tò á kọlu ògiri. Mọ́tò ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ nǹkan á kọlu ògiri. Kí o tó fọwọ́ sí èyíkéyìí, béèrè lọ́wọ́ Túndé àti àwọn yòókù: irin tó di táyà iwájú mú, tó bá kán, ta ló ní irú rẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta nínú yín ló ń lo irú mọ́tò kan, gba irú yẹn, ẹ á máa yá ara yín ní páàtì. Àwọ̀ rẹ̀ lè má wù ẹ́. O lè kùn ún.

Ẹ̀kẹta, táyà ẹ̀yìn nìkan ni, àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

O ní èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé èyí tó ń yí ti ẹ̀yìn nìkan máa ń pòòyì, àfi tí wọ́n bá fi jáírò sí i, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń bá ènìyàn yí táyà iwájú padà nígbà tí ìdí mọ́tò bá fẹ́ sá. O wá ní ojú ń tì ẹ́ láti lo jáírò, kí wọ́n má bàa sọ pé nǹkan ló ń bá ẹ wà á. Àṣàbí, ìwà mi lo jogún yìí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mi ò kì í fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ kí n tó gé e. Mo ní ojú mi ti tó. Ṣòkòtò tí mo fojú gé fún olùkọ́ àgbà kan, ẹsẹ̀ kan dé kókósẹ̀, ìkejì ò dé ibẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ìwé, àwọn ọmọ ìwé sì fún un lórúkọ tí mi ò ní kọ síbí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lo ṣọ́ọ̀kì, aṣọ tí mo rán kò sì torí ìyẹn di aṣọ ṣọ́ọ̀kì. Gba jáírò. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nínú yín ló ń lò ó, mo béèrè lọ́wọ́ Túndé.

Táyà ńkọ́? Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo kà dé mọ́. Má gba táyà rọ́bà. Ó ń di ilẹ̀ mú, mọ́tò rẹ kò sì ní yọ̀, á kàn dojú dé. Tẹ̀rásò ló wà nínú gbọ̀ngàn yín, ó sì ń dán, táyà oníke líle ló máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí o ṣe ni pé kí o mọ ilẹ̀ kí o tó ra táyà, bí èmi ṣe ń fọwọ́ pa aṣọ wò kí n tó yan abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ lọ sórí símẹ́ńtì ọjọ́ kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì náà, má fi sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń gba iná kí o jáde nílé. Má sì fi bátìrì tó lágbára jù sí ẹ́ńjìnnì tí kò lè gbé e.

Gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí ti mú mi débi tí mò ń lọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ mu omi, mo tún jókòó.

Ní Sátidé tí mo wá kí ẹ yẹn, Túndé gbé rìmóòtù tirẹ̀ fún ẹ. O ní rárá, rárá, o fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó fi tipátipá kó o sí ẹ lọ́wọ́. O wa mọ́tò pupa náà yí àga onígi yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹta, ìdí rẹ̀ ń yọ̀, imú rẹ̀ kọjú sí àga náà, kò sì fọwọ́ kàn án. Túndé tẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ ẹ̀. Òun ni ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ jù nínú gbogbo wa. Mi ò mọ ohun tó dé tó máa ń sọ pé òun á bà á jẹ́." Mo ní ooru ń mú mí, mo jáde lọ dúró sí abẹ́ igi máńgòrò. Èmi mọ ohun tó dé.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ẹ́ nígbà náà. Bàbá rẹ ti ra mọ́tò rìmóòtù dúdú yẹn fún ẹ láti Ìbàdàn, torí o yege ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama. O fẹ́ràn rẹ̀ débi pé o máa ń tú u palẹ̀ lórí ẹní, o ń to irin rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, o sì ń tò ó padà, kò sì kù kan. Àwọn akọrin ti dárí jì mí nígbà yẹn, wọ́n gbé aṣọ tuntun fún mi rán, wọ́n ní àwọn máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iná lọ. Mo padà sórí ẹlẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń bá a wé òwú sórí bọ́bìn ti jẹ, ọwọ́ ni mo fi ń wé e, ìka mi sì ti ń bó. Ìwọ lo máa ń bá mi wé bọ́bìn, ṣùgbọ́n o wà ní lẹ́sìnnì lọ́jọ́ náà.

Mo wo mọ́tò rẹ lórí tábìlì. Mo ní nínú ara mi pé mo máa yá dínámò inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí táyà rẹ̀, títí ìrọ̀lẹ́. Mo fi sùkúdìráífà máṣíìnì tú u, mo yọ dínámò náà, mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ so bọ́bìn mọ́ ẹnu rẹ̀. Bátìrì wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni mọ́tò rẹ ń lò. Kò sí bátìrì wẹ́wẹ́ nílé, mo bá so ó mọ́ bátìrì ọ̀kadà tí oníbàárà kan gbé sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wé òwú. Mi ò rí ohun tó wé òwú bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pààrọ̀ bọ́bìn. Èmi tí ẹ́ńjìnnì ti já mọ́ lọ́wọ́ rí, mo tún fi agbára tó pọ̀ jù sí èyí tó kéré, torí pé ó ń ṣe ohun tí mo fẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ òórùn wáyà tó ń jó. Nígbà tí mo fi máa já a, ó ti kú.

Mo dá a padà sínú mọ́tò. Mo de gbogbo ìdè rẹ̀. Mo gbé e sí ibi tí o gbé e sí.

O dé, o kó bátìrì tí o rà bọ̀ sí i, kò rìn. O yẹ̀ ẹ́ wò, o mi í sétí. O rántí pé o ti fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú nígbà tó kó ẹrẹ̀. O wo ojú mi, o ní, "Mọ́mì, ṣé omi ló bà á jẹ́?" Àṣàbí, gbogbo ohun tó kù fún mi láti ṣe ni kí n sọ pé rárá. Aṣọ mẹ́jọ ṣì wà nílẹ̀, ara ń kan mí, ojú sì ń tì mí. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ ti le jù. Máa rọra fọwọ́ kan nǹkan." Ohun tí mo sọ nìyẹn. O ò sunkún. O gbé mọ́tò náà sínú páálí rẹ̀, o ti páálí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí bàbá rẹ dé, ìwọ fúnra rẹ lo lọ bá wọn pé ìwọ lo bà á jẹ́, pé kí wọ́n má bínú. Mo wà níbẹ̀. Mò ń wa máṣíìnì lọ.

Mo rò pé o máa gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, o ò tú nǹkan kan palẹ̀ mọ́. Tí mo bá ní kí o fi òwú sójú abẹ́rẹ́ máṣíìnì, o máa ní kí n ṣe é fúnra mi. O ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín yín sí kíláàsì ní ilé-ìwé, olùkọ́ rẹ wá sílé, ó ní kí o lọ sí ti sáyẹ́ǹsì, o ní rárá, pé ọwọ́ rẹ máa ń ba nǹkan jẹ́, pé ìwé ni kí wọ́n jẹ́ kí o máa kọ. Mo jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ kú láìmọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé ọmọ tó ti dàgbà, tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, kò lè máa rántí mọ́tò. O wá rẹ́rìn-ín sí mi létí lórí fóònù, o ní mo mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí.

Ṣí ọ̀rá náà báyìí.

Dínámò mọ́tò rẹ ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde náà ni mo yọ ọ́, mo ní kí n ra òmíràn fi dípò rẹ̀ kí o tó mọ̀, mi ò rí irú rẹ̀, inú agolo bọ́tìnnì mi ló wà láti ìgbà náà. Jókòó sí tábìlì rẹ. Irin kékeré méjì ló di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, fi sùkúdìráífà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé wọn sókè, á ṣí. Wo wáyà bàbà inú rẹ̀. Wàá rí i pé ó dúdú, pé ara rẹ̀ ti jó lẹ̀ mọ́ra. Omi kì í ṣe wáyà bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà ni omi máa ń mú wá. Tí o ò bá lè gbà mí gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni, mú un lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń wé ẹ́ńjìnnì ní Ògbómọ̀ṣọ́, má sọ ìtàn kankan fún un, kàn ní kó sọ ohun tó pa á fún ẹ.

Mi ò ní bá ẹ yan mọ́tò náà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti kọ sókè yẹn, pẹ̀lú ti Alájì, lò ó bó ṣe wù ẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì oníwíwé márùn-ún yẹn lo ṣì fẹ́, gbà á, kó kọlu ògiri, kí o tún un ṣe. Ṣùgbọ́n má yan ìkejì nítorí pé o ń bẹ̀rù ọwọ́ rẹ. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ rí. Ọwọ́ rẹ rọ̀ láti kékeré, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Mo tọrọ àforíjì, ọmọ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá ọdún méjìdínlógún padà. Tí o bá fẹ́ bínú, bínú, má tìtorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ kí o gbé e mì. Má pè mí lónìí tí kò bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di Ọjọ́bọ̀, kọ orúkọ mọ́tò tí o yàn sílẹ̀ fún Túndé. Tó bá sì dé, tí o bá fẹ́ kí n wá, màá wọ mọ́tò àárọ̀ Sátidé wá láti Ọ̀yọ́, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Èmi ìyá rẹ,
tí mo fi ọwọ́ ara mi ba mọ́tò rẹ jẹ́.